Omi èso àti òdòdó: kí ló dé tí tèmi ń korò bí jogbo?

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, aago 7:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń gbìyànjú láti jáwọ́ nínú ẹlẹ́rìndòdò, ṣùgbọ́n omi lásán ò lọ lọ́fun mi. Ni mo bá ní kí n máa rẹ èso sínú omi, bí mo ṣe ń rí i tí àwọn èèyàn ń ṣe.

Lálẹ́ àná, mo gé lẹ́mọ́ọ̀nù méjì tèèpo-tèèpo, mo kó kùkúńbà tí mo gé sí i, mo bu omi kún jọ́ọ̀gì, mo gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì, mo bá oorun lọ. Mo jí láàárọ̀, mo bù ú sẹ́nu, ojú mi fún pọ̀. Ó korò bí jogbo! Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó wo ojú mi, ó ní irú àìsàn wo ni mo ń fi oògùn yìí wò.

Ìbéèrè méjì ni mo mú wá. Àkọ́kọ́, ibo ni mo ti ṣì í? Èkejì, òdòdó pọ̀ nínú ọgbà wa, funfun wà, pupa wà, èyí tó dà bí àwọ̀ ọsàn náà wà. Ṣé mo lè já wọn sínú omi náà? Mo rí àwòrán omi kan tí òdòdó léfòó sórí rẹ̀, ó wù mí dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

Àǹtí_Jọ́ọ̀gì, aago 7:40 alẹ́

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Èèpo ló ṣe ẹ́, kì í ṣe ọwọ́ rẹ.

Mú lẹ́mọ́ọ̀nù kan, là á sí méjì, kí o wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Wàá rí awọ ìta tó pọ́n rúsúrúsú, wàá sì rí nǹkan funfun kan lábẹ́ rẹ̀ tó rọ̀ bí òwú kí o tó kan ẹran ọsàn gan-an. Awọ ìta yẹn ló ní òróró olóòórùn dídùn. Ìkorò wà nínú funfun yẹn àti nínú kóró. Láàárín wákàtí kan sí méjì àkọ́kọ́, òórùn dídùn ni omi ń fà jáde. Bó bá ti ń kọjá wákàtí mẹ́rin, ìkorò ló kù tó ń bọ̀. Ìwọ fi tìẹ sílẹ̀ mọ́jú, o tún wá fi méjì sí jọ́ọ̀gì kan ṣoṣo. Ìdajì lẹ́mọ́ọ̀nù tó fún omi lítà kan.

Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyí. Mà á fi ọ̀bẹ mímú bó awọ ìta ní tínrín, bíi bébà, kí ó má kan funfun. Bí mo bá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó yẹ kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìka mi láti òdìkejì. Mà á ká a lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí jọ́ọ̀gì, ẹ ó rí òróró tó ta sókè fín, kí n tó jù ú sínú omi. Lẹ́yìn náà mà á gé gbogbo funfun yẹn kúrò, mà á yọ kóró, mà á wá gé ẹran ọsàn náà sínú omi. Ìyẹn lè sùn nínú fíríìjì kó má korò. Bí ọwọ́ rẹ ò bá ráàyè fún gbogbo wàhálà yẹn, gé e tèèpo-tèèpo bí o ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n rántí yọ ọ́ lẹ́yìn wákàtí méjì.

Kí o tó gé e rárá, fọ̀ ọ́. Wọ́n máa ń fi ìda pa ọ̀pọ̀ lẹ́mọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà lára kó lè dán, kó sì pẹ́. Omi gbígbóná díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì ló ń yọ ọ́. Má fi ọṣẹ fọ èso o, ara èso máa ń fa nǹkan mu, ọṣẹ yẹn á tẹ̀ lé ọ dénú ife.

Àti pé orí tábìlì kọ́ ni ibùsùn omi èso. Fíríìjì ni.

Omi_Lásán_Tó_Mi, aago 7:44 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí omi máa jẹ́ omi. Kí ló ṣe é?

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, aago 7:51 alẹ́

Ẹ ṣeun Àǹtí. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé funfun yẹn ní iṣẹ́ kankan. Àwọn èso yòókù ńkọ́, ṣé bákan náà ni gbogbo wọn? Mo tún já ewé míńtì sínú omi kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ rárá, bíi pé mo já koríko sí i.

@Omi_Lásán_Tó_Mi, ẹ fi mí sílẹ̀ o :)

Àǹtí_Jọ́ọ̀gì, aago 8:20 alẹ́

Rárá o, ìwà èso yàtọ̀ síra.

Kùkúńbà kì í pẹ́. Láàárín wákàtí kan ó ti sọ omi di tútù lẹ́nu. Ọ̀pẹ̀yìnbó le lára, ó lè sùn mọ́jú kó má bàjẹ́, dídùn rẹ̀ sì máa ń pọ̀ sí i bó ṣe ń pẹ́. Bàrà yàtọ̀, wákàtí mẹ́ta péré, ó ti rọ̀ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, omi á sì dàlú. Sitọ́bẹ́rì ní kí ẹ gé òun sí wẹ́wẹ́, nítorí bí ẹ bá jù ú sínú omi lódindi, ṣe ló kàn máa jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Ápù ò fún omi ní nǹkan kan àfi tí ẹ bá fi igi sínámọ́ọ̀nù kan tì í lẹ́yìn, ara rẹ̀ á sì dúdú. Ẹ yọ kóró rẹ̀ dànù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́? Ẹ jẹ ẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ.

Míńtì rẹ kò fọhùn nítorí pé o ò jí i. Kó ewé bíi mẹ́jọ sí àtẹ́lẹwọ́ kan, fi àtẹ́lẹwọ́ kejì gbá a pàá, lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ lẹ́yìn náà, wàá mọ̀ pé ó ti jí. Má gún un, má fà á ya, bí ewé bá fọ́ jù, omi á máa há lẹ́nu, ègé ewé á sì máa lẹ̀ mọ́ eyín.

Ata ilẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Mà á gé e pẹlẹbẹ tínrín bíi mẹ́fà, mà á bu omi gbígbóná díẹ̀ lé e lórí, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà á wá da tomi tàta sínú omi tútù lítà kan. Bí mo bá fi omi tútù rẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń lọ́ra jù fún mi, èmi ò sì ní sùúrù.

Ìgò tàbí irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò. Ohun kíkan àti ike àlòkù tàbí bàbà tàbí alumíníọ̀mù ò bára wọn rẹ́.

Ó_Ṣẹlẹ̀_Sí_Mi, aago 8:47 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n ti ọ̀rọ̀ fíríìjì yẹn lẹ́yìn, nítorí mo ti sanwó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀.

A ṣe àpèjẹ kékeré kan nílé. Mo po omi bàrà àti sitọ́bẹ́rì sínú jọ́ọ̀gì ńlá oníkọ́ọ̀kì, mo gbé e síta láti ọ̀sán, ó rẹwà débi pé gbogbo èèyàn ló ń yà á ní fọ́tò. Ilẹ̀ ṣú, ó ṣẹ́ kù bí ìdajì. Mo ní ìyà ni kí n dà á nù. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀ mo ṣí ìdérí rẹ̀, mo rí i tó ń hó fínínfínín létí gíláàsì, bíi pé ẹnì kan ń fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ìsàlẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó ta lẹ́nu díẹ̀, mo rò pé ó ti dùn sí i ni! Àwa mẹ́ta la mu nínú rẹ̀. Ẹ má bi mí nípa ìyókù ọjọ́ yẹn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílé wa.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé èso tí wọ́n ti gé kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Fíríìjì náà gbọ́dọ̀ tutù tó, ìwọ̀n 4 sẹ́ńtígíréèdì tàbí kó dín. Èmi kì í jẹ́ kí èso wà nínú omi kọjá wákàtí 24 mọ́. Mà á sẹ́ ẹ, mà á ju èso nù, omi tí mo ti sẹ́ lè lo ọjọ́ kan tàbí méjì sí i nínú fíríìjì. Bó bá ti ń hó, ó dilẹ̀.

Bàbá_Ọlọ́gbà, aago 9:05 alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ìbéèrè kejì ni mo dúró de, mo rí i pé kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Òùngbẹ, ọmọ mi, má tíì já òdòdó kankan sínú omi o. Kọ́kọ́ ṣàpèjúwe wọn fún mi. Báwo ni ewé wọn ṣe rí? Igi ni àbí koríko? Ìgbà wo ni ẹ fín ọgbà yẹn gbẹ̀yìn? Òdòdó tó lẹ́wà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ṣeé mu.

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, aago 9:18 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ti ń bà mí.

Funfun: igi kékeré ni, ó ga jù mí lọ díẹ̀. Òdòdó rẹ̀ ní ewé márùn-ún, ó ń ta sánsán díẹ̀. Ewé igi náà gùn, ó tínrín bí ọ̀bẹ, ó le lọ́wọ́, mẹ́ta-mẹ́ta ló ń hù yí ẹ̀ka ká lójú kan.

Pupa: ó tóbi bí àwo kékeré, ọ̀pá kan yọ láti àárín rẹ̀ tí lẹ́búlẹ́bú wà lórí rẹ̀.

Aláwọ̀ ọsàn: kékeré, ó pọ̀ sójú kan, ewé rẹ̀ rí játijàti.

Mo ti já funfun mẹ́rin, wọ́n wà nínú abọ́ omi kan nílé ìdáná báyìí.

Bàbá_Ọlọ́gbà, aago 9:22 alẹ́

Da omi inú abọ́ yẹn nù báyìí. Fọ abọ́ náà, fọ ọwọ́ rẹ. Kí ọmọdé kankan má fọwọ́ kàn án. Padà wá kí n tó ṣàlàyé.

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, aago 9:29 alẹ́

Mo ti dà á nù. Àyà mi ń já.

Bàbá_Ọlọ́gbà, aago 9:50 alẹ́

Ó dáa. Ewé tóóró tó le, tó ń hù ní mẹ́ta-mẹ́ta, òdòdó ewé márùn-ún: gbogbo rẹ̀ jọ oleander, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Nerium oleander. Mi ò rí i lójú, mi ò lè búra, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun, májèlé ni láti gbòǹgbò dé òdòdó, tútù àti gbígbẹ. Ọkàn ló máa ń dojú kọ, ó lè da lílù rẹ̀ rú. Omi tí wọ́n bá ki ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ pàápàá kò ṣeé fẹnu kàn. Wọ́n sì ń gbìn ín káàkiri ayé nítorí ẹwà rẹ̀.

Ó ní àwọn ẹlẹgbẹ́. Òdòdó kan wà tó máa ń sọ orí kodò bíi kàkàkí, Brugmansia àti Datura ìbátan rẹ̀, ó lè yí èèyàn lórí débi tí kò ní mọ ibi tó wà. Lily of the valley náà, tó rí bí agogo kéékèèké funfun, omi inú ìkòkò tí wọ́n bá tò ó sí náà léwu. Foxglove bẹ́ẹ̀. Èyí tó tún máa ń tan èèyàn jẹ ni jásímìnì. Jásímìnì gidi wà tí wọ́n fi ń ṣe tíì, funfun ni òdòdó rẹ̀. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní jásímìnì lásán, òdòdó rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, Gelsemium lorúkọ rẹ̀ gan-an, májèlé pọ́ńbélé. Orúkọ tí aládùúgbò ń pè é ò tó, ẹ wá orúkọ inú ìwé.

Ó dà bíi pé pupa rẹ jẹ́ hibiscus, ìyẹn sì ṣeé jẹ, bí ẹ ò bá fín oògùn kòkòrò sí ọgbà. Yọ ọ̀pá àárín yẹn àti ìdí rẹ̀ tó tutù yọ̀yọ̀, ewé òdòdó nìkan ni kí o lò. Aláwọ̀ ọsàn yẹn, mi ò ní sọ ohun tí mi ò rí. Fi í sílẹ̀ lórí igi.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo òdòdó: róòsì dára, láfẹ́ńdà dára, chamomile dára, òdòdó ọsàn náà dára. Èyí tí ẹ gbìn fúnra yín tàbí tí wọ́n tà fún jíjẹ ni kí ẹ lò. Èyí tí wọ́n ń dì ní ìdì fún ẹ̀bùn, oògùn ti wọ̀ ọ́ lára, kò sí fífọ̀ tó lè yọ ọ́ tán. Èyí tó wà lẹ́bàá títì náà, ẹ gbàgbé ẹ̀.

Àárọ̀ ni kí ẹ já a, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ lára rẹ̀ tí oòrùn ò tíì mú. Ẹ gbọ̀n ọ́n, nítorí èèrà máa ń sùn nínú ẹ̀. Bí róòsì bá ni, ẹ wo ìdí ewé kọ̀ọ̀kan, ibi tó ti so mọ́ igi, ó funfun. Ẹ gé funfun yẹn. Ó korò gẹ́gẹ́ bí ti lẹ́mọ́ọ̀nù tí Àǹtí sọ. Ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún lítà omi kan. Láfẹ́ńdà ní tiẹ̀, ṣíbí tíì kan péré tí ó gbẹ, ká má rí i pé ẹ kọjá bẹ́ẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó máa mu ọṣẹ ìwẹ̀.

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, aago 9:58 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Ọdún mẹ́ta nìyẹn tí mo ti ń bomi rin igi yẹn! Mo ti sọ fún ọkọ mi pé kí ó fi ọgbà yí i ká lọ́la.

Ọmọ_Aláró, aago 10:15 alẹ́

Kí ọkàn yín lè balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ májèlé, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ní gbogbo ìgbà.

Òdòdó kan wà tí wọ́n ń pè ní butterfly pea, Clitoria ternatea nínú ìwé, Bàbá. Mo máa ń ra gbígbẹ rẹ̀. Mà á kó bíi mẹ́jọ sínú ife, mà á da omi gbígbóná lé e. Ìṣẹ́jú kan kì í pé kí àwọ̀ aró tó bẹ̀rẹ̀ sí í já sílẹ̀ láti ara òdòdó náà bí okùn, á rọra máa ká kiri inú ife, nígbà tó bá fi máa di ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ti di aró pátápátá, òdòdó fúnra rẹ̀ á wá ṣì ràndanràndan. Kò ní adùn kan tí mo lè tọ́ka sí o, ojú ló ń jẹ ẹ́. Mà á jẹ́ kó tutù, mà á bù ú sórí yìnyín.

Eré bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo bá fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i. Ibi tí ẹ̀kán rẹ̀ bá bọ́ sí á di àwọ̀ elésè-àlùkò lójú ẹsẹ̀, á sì máa tàn kálẹ̀. Àwọn ọmọ àbúrò mi rò pé mo ń pidán. Àwọ̀ tó wà nínú òdòdó yẹn ń jẹ́ anthocyanin, ó máa ń yí padà bí omi bá ti kan. Òun náà ló ń mú ìsápá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ìsápá ti kan fúnra rẹ̀ látilẹ̀wá, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé pupa lẹ máa ń bá a.

Ní ti ìsápá, mo rí i pé fífi omi tútù rẹ ẹ́ dára ju sísè lọ. Ṣíbí ọbẹ̀ méjì tó gbẹ sínú omi tútù lítà kan, kó sùn nínú fíríìjì. Èyí tí a sè máa ń há lẹ́nu, ahọ́n á gbẹ. Ẹ má gbàgbé láti ṣan iyanrìn ara rẹ̀ kúrò.

Ẹni tó bá fẹ́ òdòdó nínú yìnyín: ẹ da omi dé ìdajì abọ́ yìnyín, ẹ jẹ́ kó dì, ẹ da òdòdó dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ wá da omi kún un kó tún dì. Bí ẹ bá da gbogbo omi lẹ́ẹ̀kan náà, òdòdó á léfòó, ìdajì rẹ̀ á yọ síta, á sì dúdú.

Ara_Yá_Gágá, aago 10:31 alẹ́

Ẹ fi kùkúńbà, lẹ́mọ́ọ̀nù àti ata ilẹ̀ pọ̀, ẹ mu ún fún ọjọ́ méje láìjẹun àárọ̀. Gbogbo májèlé inú ara lá jáde, ikùn á sì wọlé pẹlẹbẹ. Mo rí ẹni tó ṣe é.

Omi_Lásán_Tó_Mi, aago 10:44 alẹ́

@Ara_Yá_Gágá, ibi tí mo ti ń bá yín jà nìyí.

Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń kó ìdọ̀tí ara jáde, tọ̀sántòru, wọn ò sì retí kùkúńbà kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Omi ni wọ́n ń fẹ́. Ẹni tí kò jẹun àárọ̀ fún ọjọ́ méje, bí ikùn rẹ̀ bá wọlé, ebi ló ṣe é. Fítámì tó ń jáde láti ara ègé lẹ́mọ́ọ̀nù mẹ́rin sínú jọ́ọ̀gì omi, kékeré ni. Ẹni tó bá ń wá fítámì, kó jẹ èso náà.

Ṣùgbọ́n mà á sọ èyí tó dára nípa rẹ̀, kí ẹ má bàa ní elénìní ni mí. Òùngbẹ ní òun ń jáwọ́ nínú ẹlẹ́rìndòdò. Agolo kan tó gba mílílítà 330 máa ń ní bí gíráàmù 35 ṣúgà nínú. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó dára kí àgbàlagbà má kọjá nǹkan bíi gíráàmù 25 irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ lóòjọ́. Agolo kan ṣoṣo ti kọjá a. Bí ègé kùkúńbà bá gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn, mi ò lẹ́nu mọ́. Ẹ kàn má pè é ní oògùn.

Ara_Yá_Gágá, aago 10:49 alẹ́

Ọ̀gá, ẹ rọra. Mo ti gbọ́.

Eyín_Funfun, aago 6:35 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe, mo sì máa ń rí àwọn olómi lẹ́mọ́ọ̀nù lórí àga mi.

Kì í ṣe pé ẹ mu ún ló burú, bí ẹ ṣe ń mu ún ni. Ohun kíkan máa ń rọ ara eyín. Bí ẹ bá mu ife kan tán lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú oúnjẹ, itọ́ á tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìgò dání láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń fà á díẹ̀díẹ̀, kì í fún itọ́ láyè. Ẹ fi sìtúrọ́ọ̀ mu ún bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi omi lásán yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má sì sáré lọ fọ eyín o! Ara eyín ṣì rọ̀ nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì á máa ha á kúrò. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú ọgbọ̀n, ó kéré tán.

Kùkúńbà àti míńtì ò ní wàhálà yìí. Ìsápá ní in.

Apòògùn_Jẹ́jẹ́, aago 7:10 àárọ̀

Inú mi dùn pé ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ grapefruit, èso kan tó jọ ọsàn ńlá, torí náà ẹ jẹ́ kí n dárúkọ rẹ̀ kí ẹnì kan tó gé e sínú jọ́ọ̀gì.

Ó máa ń dí nǹkan kan lọ́wọ́ nínú ìfun, èyí tó yẹ kó fọ́ àwọn oògùn kan sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀nba oògùn tí dókítà kọ á wá di àpọ̀jù lára. Èèṣì ni wọ́n fi rí i. Àwọn olùwádìí kan ní Kánádà ń dán oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru felodipine wò pẹ̀lú ọtí, wọ́n fi omi grapefruit bo adùn ọtí náà mọ́lẹ̀, ni oògùn bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bí wọ́n ṣe retí lọ. Ọdún 1989 ni wọ́n gbé e jáde. Oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ simvastatin náà wà lára àwọn tó kàn. Bí oògùn yín bá kìlọ̀ nípa grapefruit, ẹ má rò pé ègé méjì ò lè ṣe nǹkan kan.

Ìsápá lè mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó sọ fún dókítà kó tó sọ ọ́ di omi ojoojúmọ́. Aláboyún náà, kó béèrè kó tó mu òdòdó èyíkéyìí. Ẹni tí ara rẹ̀ bá máa ń kọ lẹ́búlẹ́bú òdòdó, kó ṣọ́ra fún chamomile.

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, aago 7:26 àárọ̀

Ẹ ṣé o. Ṣé mo lè fi oyin díẹ̀ sí i fún ọmọ mi? Oṣù mẹ́jọ ni.

Apòògùn_Jẹ́jẹ́, aago 7:28 àárọ̀

Rárá o. Oyin kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kódà bó ṣe orí ṣíbí ni. Kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tí ìfun ọmọdé ò tíì lè bá jà.

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, ọjọ́ kejì, aago 6:02 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé pẹ̀lú àbọ̀.

Mo bó ìdajì lẹ́mọ́ọ̀nù bí Àǹtí ṣe ní kí n ṣe. Èèpo àkọ́kọ́ nípọn jù, mo jù ú nù. Ẹ̀kẹta ni mo tó ṣe é tí mo rí ìka mi láti òdìkejì. Mo ká a lórí jọ́ọ̀gì, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná. Mo gbá míńtì mẹ́jọ pàá, mo gé kùkúńbà bíi mẹ́fà, mo gbé e sínú fíríìjì ní aago méjì ọ̀sán. Aago mẹ́rin mo sẹ́ ẹ. Kò korò rárá! Ó mọ́ gaara, adùn rẹ̀ ò pariwo, ẹ̀yìn tí mo gbé e mì tán ni mo tó gbọ́ míńtì rẹ̀ lọ́fun.

Hibiscus pupa, a ò fín nǹkan kan sí i lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ohun ojú mi rí lánàá, mà á ya fọ́tò ewé rẹ̀ fún Bàbá ná. Igi funfun yẹn, ọkọ mi ti fi okùn yí i ká.

Bàbá_Ọlọ́gbà, aago 6:20 ìrọ̀lẹ́

O káre, ọmọ mi. Bí ẹ bá fẹ́ gé igi yẹn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì dáná sun ún. Èéfín rẹ̀ náà léwu.

Omi_Lásán_Tó_Mi, aago 7:03 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní míńtì nílé, mo gbá a pàá bí Àǹtí ṣe sọ. Mo ti mu ife méjì.

Àǹtí_Jọ́ọ̀gì, aago 7:05 ìrọ̀lẹ́

HAHAHA! Ẹ yí orúkọ yín padà kíákíá.

Òùngbẹ, ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó tọ́ eléyìí wò?

Òùngbẹ_Ń_Gbẹmí, aago 7:31 ìrọ̀lẹ́

Ó mu ún. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n èyí tó ń korò ìjẹta yẹn, ó ní ó jọ pé ó ń ṣiṣẹ́ lára òun, ṣé ó ṣì kù?

Àǹtí_Jọ́ọ̀gì, aago 7:33 ìrọ̀lẹ́

Fi èèpo sí tiẹ̀.